Bọ́ọ̀lù tí Ifátóyìn jù sójú Yésúfù

Lọ́dún 1983, kò sẹ́ni tó lè ju bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì bí Ifátóyìn ará Bẹ́yẹrunkà nínú ẹgbẹ́ wa. Tó bá ti ń sáré bọ̀, àyà ẹni tó mú igi tí wọ́n fi ń gbá a dúró níwájú rẹ̀ á máa já. Òun àti Yésúfù, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ni wọ́n jọ kọ́ eré náà, kí ẹgbẹ́ kan l'Ékòó tó fi iṣẹ́ fa Yésúfù lọ. Kò dágbére fún Ifátóyìn.

Ìdíje ọlọ́jọ́ kan ti gbogbo Nàìjíríà ló tún mú wọn pàdé, lórí pápá kan nísàlẹ̀ Màpó. Ó ku àmì mẹ́fà péré kí àwọn ará Èkó borí wa. Yésúfù ló mú igi. Ó rẹ́rìn-ín.

"Tóyìn, ṣé kò tíì rẹ̀ ẹ́ ni?"

Ifátóyìn padà sẹ́yìn. Ó sáré, ó ju bọ́ọ̀lù náà. Kò jù ú sí ọ̀pá mẹ́ta tí Yésúfù ń dáàbò bò lẹ́yìn rẹ̀; ojú ló jù ú sí. Gbogbo wa gbọ́ bí egungun ṣe fọ́. Yésúfù wó lulẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde láàárín ìka rẹ̀.

Lèrò bá ya wọ pápá.

"Ọ̀dàlẹ̀ ni Yésúfù! Ẹ lù ú pa!"

Wọ́n fa ọ̀pá yọ, wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá Yésúfù níkùn. Mi ò ní purọ́, èmi náà ju òkúta kan.

Àfi bí Ifátóyìn ṣe he igi Yésúfù nílẹ̀, tó fi fọ́ orúnkún ẹni tó sún mọ́ ọn jù.

"Ẹ fi í sílẹ̀!"

Adégòkè, kápútéènì wa, ló la ọ̀pá mọ́ Ifátóyìn lápá. Apá náà kán sí méjì. Ifátóyìn ṣubú lé Yésúfù lórí, kò sì kúrò níbẹ̀ títí tí ọlọ́pàá fi dé.

Ojú òsì Yésúfù fọ́. Wọ́n lé ẹgbẹ́ wa kúrò nínú ìdíje.

Lóṣù kejì, Ifátóyìn dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá Yésúfù, Alhaja Kúbúrá.

"Ẹ foríjì mí, mà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

Ìyá fọ́ ọ létí. Ó tún fọ́ ọ. Ifátóyìn ò dìde.

Yésúfù sọ̀rọ̀ láti inú yàrá. "Ìyá, ẹ jẹ́ ó wọlé."

Láti àárọ̀ tó ti wọlé, ọ̀sán ni Ifátóyìn tó jáde. Kò sọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ fún wa, a ò sì láyà láti bi í, nítorí àwa la ṣẹ́ ẹ lápá.