Ilẹ̀kùn Tó Kọjú sí Ẹ̀yìnkùlé

Ìjì tó jà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò kò mọ ìyálé yàtọ̀ sí ìyàwó. Ó ṣí òrùlé ilé olóògbé Àlájì Abdulkareem, ògiri alámọ̀ sì wó lu ẹrù àwọn opó rẹ̀ méjèèjì. Ọlọ́hun ló yọ wọ́n, wọn ò fara pa.

Àwọn aláàánú kan kó ilé àtòpọ̀ méjì wá, irú ilé olówó pọ́ọ́kú tó máa ń wà nínú páálí: pákó pẹlẹbẹ, irin, páànù, àti bóòtù tí wọ́n fi ń dè wọ́n pọ̀. Gàfárù, káfíńtà ará Ọ̀yọ́, ni wọ́n ní kó wá tò ó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ti Ràmọ́tà ìyálé ti dúró. Ó ku ti Marufat ìyàwó.

“Ìyá, ibo lẹ fẹ́ kí ilẹ̀kùn yín kọjú sí?” Gàfárù bi Marufat. “Ti ìyálé yín kọjú sí àárín agbo ilé. Ṣé kí tiyín náà kọjú síbẹ̀, kẹ́ ẹ lè máa rí ara yín?”

“Rárá o. Kọjú ẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo ti rí wọn tó.”

Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ yìgì Bushrah, ọmọ kan ṣoṣo tí Marufat bí, Ràmọ́tà ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó ní orí ń fọ́ òun. Orí fífọ́ náà kò sì dí ẹnu rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ẹran dé. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ tán láàárín wọn, ó ku ìkíni. Ìyẹn ò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni yàrá wọn ṣí sí. Láràárọ̀, Marufat á kúnlẹ̀, á ní, “Ẹ kú àárọ̀, ìyálé mi.” Ràmọ́tà á ní, “Ṣé a jí ire?” Ó parí. Inú ò dùn, ṣùgbọ́n olúkúlùkù mọ̀ pé ẹnì kejì òun jí.

Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì. Ti Marufat ò tiẹ̀ pé ọdún. Láàárọ̀ àkọ́kọ́ nínú ilé tuntun, ó ṣílẹ̀kùn, ó rí koríko àti ewúrẹ́ aládùúgbò. Lọ́jọ́ kejì, koríko náà ni. Nígbà tó yá, ibà dá a dùbúlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ó sunkún lórí ẹní, kì í sì í ṣe nítorí ibà. Bí òun bá kú síbẹ̀, ewúrẹ́ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Kó lọ bá ìyálé ń kọ́? Ìkíni téèyàn bá rìn yí ilé ká lọ ṣe ti di ẹ̀bẹ̀, Marufat ò sì mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀.

Gàfárù ló máa wá yí ilẹ̀kùn náà sí àárín agbo ilé. Ìyálé á kàn jí lọ́jọ́ kan, á rí òun tí òun kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Fóònù káfíńtà náà kò lọ, nítorí náà, bí ara Marufat ti yá, ó kírun àárọ̀ tán, ó wọ mọ́tò ní Takie, ó forí lé Ọ̀yọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó bá Gàfárù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Akẹ̀sán.

“Ìyá, ẹ̀yin náà lẹ ní kí n kọjú ẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé.”

“Èmi ni. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, mú sípánà ká lọ.”

Nígbà tí wọ́n dé, àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ìyálé. Mashood, tó ń lẹ táyà níwájú ilé, ló sọ fún un pé Israfil, ọmọ Ràmọ́tà, ti wá mú ìyá rẹ̀ lọ sí Kánò, kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ òun.

“Ìyálé yín ò tètè lọ o,” Mashood ní. “Wọ́n ní àwọn ò ní kúrò láìrí yín. Wọ́n gbé àga lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà yín láti àárọ̀. Wọ́n ń bi gbogbo wa pé níbo lẹ lọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀.”

Marufat lọ sẹ́yìnkùlé. Àga náà ṣì wà níbẹ̀. Gàfárù tẹ̀ lé e, sípánà lọ́wọ́.

“Ìyá, ṣé ká ṣì yí i?”

“Yí i. Wọ́n á wá wo ilé wọn lọ́jọ́ kan.”

 Gàfárù bẹ̀rẹ̀ sí í tú bóòtù. Marufat fi ọwọ́ méjèèjì di pákó ilẹ̀kùn náà mú fún un, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì ní ọwọ́ tó máa fi nù ún.