Ẹjọ́ Jókòójẹ́ẹ́

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Lọ́yà sì ti ka gbólóhùn kan ṣoṣo náà nígbà mẹ́rìndínlógún. Ohun tí òfin wí kò gùn: ọkọ̀ ojú omi ni ohunkóhun tí wọ́n kàn láti máa rìn lórí omi, ì báà ní ẹ́ńjìnnì, ì báà má ní. Bó bá ń kà á lọ́wọ́, ó yé e. Bó bá ti gbójú sókè báyìí, kò yé e mọ́.

Ìwé ìpẹ̀jọ́ méjì ló wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan fún kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ orí omi, èkejì fún èyí tó ń gbọ́ ti orí ilẹ̀. Ẹjọ́ ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Wẹ́dà ni ọkùnrin náà, ó jókòó ní òdìkejì tábìlì pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀ láàárín orúnkún rẹ̀. Ó ṣubú níbi iṣẹ́, irin wó lé e lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ náà kò sì gbé e dáadáa mọ́ láti ìgbà náà. Ọdún méjì péré ni òfin fún un láti pe iléeṣẹ́ lẹ́jọ́, ọdún méjì náà sì pé lónìí. Bí aago mẹ́rin bá ti lù, tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn, ó parí nìyẹn. Kò sì sí pé wọ́n á gbé ẹjọ́ kan lọ sí kóòtù méjì, torí Wẹ́dà gbọ́dọ̀ búra pé òun ò gbé e lọ síbòmíràn. Kóòtù tí kò bá ni ín yóò dà á nù ni.

Ibi tó ti ṣubú gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Pèpéle irin ńlá kan ni, tó léfòó létí omi, tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé lórí. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ ní Jókòójẹ́ẹ́. Lọ́yà ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ wò ó. Ó rí ṣéènì mẹ́rin tó so ó mọ́ ilẹ̀, ó rí wáyà iná àti páìpù omi, ó tún wá rí ìkòkò òdòdó méjì àti aṣọ ìnusẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ wo ló ń ní kí àlejò nu ẹsẹ̀?

Àwọn adájọ́ àtijọ́ tó yẹ kí wọ́n là á lójú tún dá kún òkùnkùn rẹ̀. Ọ̀kan ní ilé oúnjẹ tó léfòó kì í ṣe ọkọ̀. Òmíràn ní pèpéle tí wọ́n fi ń wa yanrìn, ọkọ̀ ni. Ẹnì kẹta kọ ogójì ojú ìwé, ó wá parí rẹ̀ pé ohun tí ọlọ́gbọ́n ènìyàn bá wò ó pé ó jẹ́ náà ló jẹ́. Lọ́yà wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì fèrèsé, kò rí ọlọ́gbọ́n kankan níbẹ̀.

"Bùrọ̀dá, ṣé ó ní ẹ́ńjìnnì?"

"Kò ní."

"Ẹ ti rí i rí tó ń dá rìn?"

"Rárá."

Wẹ́dà á dáhùn, á sì pa ẹnu dé. Ọkùnrin yìí kan náà ni o, tó jẹ́ pé bí ẹ bá kí i nílé, ibi tí wọ́n ti bí i lá ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́yà kò fiyè sí i. Ó fa ìwé ti orí ilẹ̀ jáde, ó ń kọ ohun tó kù sí i.

"Kí lẹ ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tẹ́ ẹ ṣubú?"

"Mò ń gé ṣéènì."

"Ṣéènì wo?"

"Èyí tó so ó mọ́lẹ̀. Ó ti dípẹtà, kò ṣeé tú."

"Kí lẹ fẹ́ tú u fún?"

"Ká lè fà á lọ sódìkejì omi. Ọdọọdún la máa ń fi ọkọ̀ míì fà á lọ, ká lọ fọ ìdí ẹ̀. Àwa náà á wà nínú ẹ̀."

Bírò bọ́ lọ́wọ́ Lọ́yà. "Bùrọ̀dá, oṣù mẹ́jọ la ti wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ yìí. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Àbúrò, ṣebí ìwọ lo kọ́ mi. O ní ohun tí wọ́n bá bi mí nìkan ni kí n dáhùn, pé àsọjù ló ń ba ẹjọ́ jẹ́. Àǹtí ẹ ń bi mí ní ìbéèrè lálaalẹ́ kí n má baà gbàgbé."

Lọ́yà rántí. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì ló ti kọ́ ọ, bó ṣe máa ń kọ́ gbogbo oníbàárà rẹ̀, kó tó bi í léèrè ohunkóhun. Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé ló ń bi léèrè, ó ti ní kí ẹni tó mọ ọ̀nà panu mọ́. Ojú tì í débi pé kò lè wo Wẹ́dà.

Ó ya ìwé ti orí ilẹ̀ sí méjì. Kóòtù omi kò jìnnà, àmọ́ àtẹ̀gùn ibẹ̀ ga, ẹsẹ̀ kan àbọ̀ sì ni Wẹ́dà ní.

Kí wọ́n tó gùn ún dókè, akọ̀wé kóòtù ti gbé báàgì kọ́ èjìká. "Kí lorúkọ ọkọ̀?"

"Jókòójẹ́ẹ́."

Akọ̀wé wo ìwé, ó wo Wẹ́dà. "Bàbá, ṣé ọkọ̀ ni tòótọ́?"

Wẹ́dà yíjú sí Lọ́yà. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méje. Ṣé ohun tó ń rìn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n kàn láti máa rìn? Lọ́yà kò mọ̀, kò sì dá a lójú pé adájọ́ á mọ̀.

"Ẹ sọ ọ́, bùrọ̀dá," ó ní. "Gbogbo ẹ̀."

Wẹ́dà gbé ọ̀pá rẹ̀ ti káńtà. "Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ débẹ̀," ó ní, "òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà."

Nígbà tí akọ̀wé lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé, ó ku ìṣẹ́jú kan kí aago mẹ́rin lù. Ìtàn Wẹ́dà kò tíì dé ibi tó ti ṣubú, Lọ́yà sì fa àga fún un, ó ń gbọ́ ọ.