Bàbá Àkànó Nílé Ọkọ̀ Ojú Omi

Ẹ gbọ́ ná, ta ló ń kọ́ ilé ọkọ̀ ojú omi sí Èrúwà, níbi tí ẹja gan-an ti ń wọ lọ́rì wá? Ìjọba ni. Lọ́dún 1971, wọ́n kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, níbi tí èrò á ti máa wá wo ọkọ̀ àtijọ́, sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò gígùn kan tí òyìnbó gbẹ́ láyé àtijọ́, pé ọkọ̀ yóò máa gbabẹ̀ kó òwú lọ sí Odò Ògùn. Omi ò dé ibẹ̀ rí, àfi ti òjò. Wọ́n kó ọkọ̀ onígi àti àwọ̀n síbẹ̀, wọ́n sì wá gba igbá ńlá ọwọ́ bàbá ọkọ mi, Bàbá Àkànó.

Igbá yìí ni wọ́n fi ń gbé èrò sọdá odò kí afárá tó dé: èrò á dì í mú lápá kan, Bàbá á dì í mú lápá kejì, wọn á sì máa fẹsẹ̀ wẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé igbá lọ, Bàbá tẹ̀ lé e. Bàbá ò padà wálé.

Ẹ̀rù bà mí. Ọkọ mi ti lọ wa iṣu lóko ní ìlú Tápà. Bó bá dé tí kò bá bàbá rẹ̀ nílé, àwọn èèyàn á ní èmi Mùnírátù ni mo lé Bàbá jáde. Ta ló máa bá mi fọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀? Mo wé gèlè, ó di ọ̀nà ibẹ̀.

Èrò ti tò dé etí kòtò. Bàbá jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, igbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ta ló máa gba ẹ̀gbẹ́ àgbàlagbà kọjá láìkí i? Ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀, obìnrin ń kúnlẹ̀, Bàbá sì ń bi kálukú léèrè ìdílé rẹ̀ títí dórí baba ńlá. Kò sẹ́ni tó rí ọkọ̀ kankan títí tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn.

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká relé."

Ọ̀gbẹ́ni Fọlábí tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ló dáhùn. "Ẹ má bínú, Màmá Abíọ́nà. Ohun tó bá ti wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ti ìjọba ni. Kì í jáde mọ́."

"Ṣé bàbá ọkọ mi lẹ̀ ń pè ní ohun?"

Bàbá mí kanlẹ̀. "Mùnírátù, látìgbà tí afárá ti dé, ta ló nílò mi nílé? Ẹni tó ń lọ sóko á ní, 'Bàbá, ẹ kú ìjókòó,' ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì ní dúró."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dọ́kàn, omijé bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni inú tún bí mi. Mo gun àga kan, mo yọ pátákó orúkọ tó wà lókè ilẹ̀kùn, mo gbé e rù.

"Ibi tí pátákó yìí bá wà ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Bàbá ò jáde níbì kankan o!"

Fọlábí ronú sí i, kò rí àléébù níbẹ̀. Òun ló gbé àga Bàbá. Bàbá gbé igbá wọn, gbogbo èrò sì tò tẹ̀ lé wa dé ilé.

Nígbà tí ọkọ mi ti Tápà dé, bàbá rẹ̀ wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, èrò sì kún títí dé ojú títì. Ó fẹ́ yà wọlé kó sọ iṣu kalẹ̀. Mo ní kò jọ ọ́. Kó lọ tò sẹ́yìn àwọn ará Lánlátẹ̀, kó wá kí bàbá rẹ̀ dáadáa.