Mọ́tò Tí Kò Fọhùn

Kí ẹlòmíràn tó fẹjọ́ mi sùn, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi jẹ́wọ́. Èmi Àsúmáù, ìyá Tòún, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, èmi ni mo fi sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń gé lẹbẹ ẹja gé wáyà rédíò inú mọ́tò ara mi. Kò sí ẹni tó rán mi. Fídíò kan ni mo wò lórí fóònù: ọmọ òyìnbó kan ń rẹ́rìn-ín, ó yọ rédíò àtijọ́, ó ki tuntun bọ̀ ọ́, ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré. Mo ní ṣé èmi tí mo bímọ mẹ́rin ni n kò ní lè ki rédíò bọ ihò?

Bẹ́ẹ̀ rédíò tó wà níbẹ̀ kò ṣe mí ní nǹkan kan. Kásẹ́ẹ̀tì ló ń jẹ, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ọkọ mi Làtíìfù, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ló fi mọ́tò náà sílẹ̀ fún mi, òun nìkan ló sì mọ gbogbo ohun tó kó sínú rẹ̀ nígbà tó ń fi í ṣe takisí. Ṣùgbọ́n Àìṣát, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa obìnrin ní mọ́ṣáláṣí, ra rédíò olójú bíi tẹlifíṣọ̀n sínú tirẹ̀, ó ní kí n wọlé wá wò ó. Mo wò ó. Láti ọjọ́ náà ni ojú ti ń ta mí.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀rín ni Mìsítúrà. Ọ̀rẹ́ mi ni láti ìgbà tí a jọ ń gbé ní North Peckham Estate ní ìlú òyìnbó níbí, kí wọ́n tó wó o, tí ilẹ̀kùn wa kọjú síra; Peckham náà la ṣì wà, ilé rẹ̀ àti tèmi fara kanra. Àtọ̀gbẹ ti gba ojú rẹ̀, ó sì ti gba kíndìnrín rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Sátidé, ó gbọ́dọ̀ jókòó wákàtí mẹ́rin nídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ní ọsibítù ní Camberwell. Èmi ni mo ń gbé e lọ. Mọ́tò ọsibítù wà, ó ní òun ò wọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ fẹ́ pín in yí ká, kí Àìṣát gbé e lọ lónìí, kí èmi gbé e lọ lọ́jọ́ mìíràn. Èmi ni mo dìde láàárín ìpàdé tí mo ní kí gbogbo wọn jókòó sílé wọn, pé èmi nìkan tó o. Ẹnu mi yìí.

Òfin kan ṣoṣo ni Mìsítúrà ní: mọ́tò gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀. Ìbáà ṣe wàásù, ìbáà ṣe ìròyìn, ìbáà ṣe ẹni tó ń polówó tìmùtìmù. Nígbà tí wọ́n ń fi mọ́tò dúdú gbé òkú ọkọ rẹ̀ lọ sí ibi ìsìnkú, iwájú ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ tí kò sọ ọ̀rọ̀ kan títí wọ́n fi débẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ pé mọ́tò tí kò fọhùn, mọ́tò òkú ni.

Ní Sátidé tí mo ki rédíò tuntun bọ̀ ọ́ tán, iná rẹ̀ tàn, ó fi àwọ̀ mẹ́rin kí mi káàbọ̀, àmọ́ kò sí ohùn. Mìsítúrà jókòó, ó de bẹ́líìtì, ó tẹ́tí. Ó tún tẹ́tí. Ó tú bẹ́líìtì, ó ní òun ń padà sílé. Mo ní èmi á máa sọ̀rọ̀ dípò rédíò. Ó ní òun ti gbọ́ gbogbo ohun tí mo ní láti sọ tán. Nígbà tí mo padà lọ wò ó lọ́sàn-án, dodo ló ń jẹ, abọ́ kún, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí nọ́ọ̀sì ti kà léèwọ̀ fún un láti ọdún méjì. Ó ń jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí abọ́. Mo rò pé inú ló ń bí i sí mi.

Nọ́ọ̀sì pè mí ní ọjọ́ Ajé. Kò pariwo, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù. Ó ní kí ó má ṣe pa ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun jẹ o, pé omi tí kò bá jáde á wá ibi tí yóò lọ, ọkàn ló sì máa ń lọ bá. Agogo mọ́kànlá ni àga rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ náà.

Ní òwúrọ̀ Ìṣẹ́gun, mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní agogo mẹ́jọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ìka mi dúró síbẹ̀ bí ẹni tẹ fùfú. Ó ń mí ní wẹ́wẹ́. Mo ní kí n pe ọkọ̀ aláìsàn. Ó ní kí n pè wọ́n, wọ́n á bi òun bóyá òun fẹ́ lọ, òun á sì dá wọn lóhùn. Mo gbé ìtìjú mì, mo ní kí n pe Àìṣát nígbà náà, rédíò tirẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ó ní Àìṣát fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ jù. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ mi pọ̀, ó kọjú sí ògiri. Ó ní, "Ìyá Tòún, tó bá ti fọhùn, kí o wá pè mí."

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá mọ́tò. Mo yí ohùn sókè dé òpin, mo tẹ gbogbo ohun tó ṣeé tẹ̀. Mo yọ fíúsì, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, mo dá a padà. Mo ní bísímílà. Mo gbá a lójú. Mo wá ki orí àti apá bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, mo sì há síbẹ̀, ìdí mi wà níta fún gbogbo aládùúgbò bí ẹrù tí wọn ò tíì já. Níbẹ̀ ni ẹkún ti gbọ̀n mí. Mo ń wò ó pé ọwọ́ mi ni mo fi pa ọ̀rẹ́ mi, nítorí ojú rédíò.

Ìdí mi náà ni Bethany kí káàárọ̀. Ọmọ pásítọ̀ ni, ìsàlẹ̀ ilé mi ló ń gbé, ó ń tún bọ́ọ̀sì ṣe ní gáréèjì, ibi iṣẹ́ òru ló sì ti ń bọ̀. Ó fà mí jáde, ó gbọ́ ẹjọ́ mi, ó wo agogo: mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú. Kò bá mi wí. Ó kàn wo ojú ibi tí mo ti gé wáyà, ó ní, "Grandma, kí lẹ fi gé e, eyín?"

Ó wò ó bóyá mo ti darí ohùn sí sípíkà ẹ̀yìn nìkan; rárá. Ó tú ìdérí sípíkà ara ilẹ̀kùn mọ́tò, ó ní kí n wá bátìrì. Mo sáré lọ yọ ti agogo ara ògiri mi. Ó fi wáyà méjì kan bátìrì náà, sípíkà dáhùn: pọ́. Ó tún kàn án, pọ́. Mo fọwọ́ lé àyà.

"Rédíò yè, sípíkà náà yè," ó ní. "So, kí ló wà láàárín wọn?"

Mo ní kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni mo rántí àpótí onírin tí Làtíìfù dè mọ́ abẹ́ ìjókòó iwájú, tí mo ti ń to agbòòrùn lé lórí láti ìgbà tó ti kú. Bethany dọ̀bálẹ̀ wò ó. Ó ní ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè ni, Grandpa ló fi í síbẹ̀, ohùn kankan ò lè dé sípíkà láìgba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, ó sì ń sùn fọnfọn. Ó bi mí, ẹ̀rù ń bà á láti bi mí, bóyá wáyà kan ṣẹ́kù nígbà tí mo ń so wọ́n.

Ó ṣẹ́kù. Pupa ni mo so mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú. Ó wá ku búlúù kan lára rédíò, ó ku aláwọ̀ ọsàn kan lára mọ́tò. Àwọ̀ wọn ò bára mu, mo ní àwọn wọ̀nyí kì í ṣe tọkọtaya, mo fi téèpù wé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo ní kí opó lọ jókòó sí kọ̀rọ̀ bíi tèmi. Wáyà tó ń jí àpótí náà ni mo wé láṣọ òkú yẹn.

Bethany so wọ́n pọ̀. Mo ti gbàgbé pé òkè pátápátá ni mo fi ohùn sí. Ọkùnrin kan bú jáde nínú ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ń sọ ibi tí ọ̀nà ti dí. Àwọn ẹyẹlé fò kúrò lórí ilé, èmi náà fò, mo forí sọ òrùlé mọ́tò. Mo ń rẹ́rìn-ín, ikun ń jáde nímú mi. Agogo mẹ́wàá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Fèrèsé Mìsítúrà ṣí sílẹ̀, ó ti gbọ́ kí n tó dé òkè. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Ó ti fọhùn?" ó bi mí.

Mo ní ó ti fọhùn. Ó fẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ nílẹ̀ jẹ́jẹ́. Bàtà rẹ̀ ò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, sálúbàtà ọkọ rẹ̀ ló wọ̀. Èmi dì í mú lọ́tùn-ún, Bethany dì í mú lósì, a sì gbé e jókòó síwájú. Bethany bá tirẹ̀ lọ láti sùn, kò tilẹ̀ dúró gba àdúrà tí mo ń ṣe fún un.

Mo wakọ̀ bí ẹni tó jí i. Rédíò ń sọ̀rọ̀, èmi náà ń sọ̀rọ̀, mo ń ròyìn ìdí mi àti àwọn aládùúgbò fún un kí ó lè rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Iná pupa dá wa dúró ní Camberwell Green, a ti ń rí òrùlé ọsibítù lọ́ọ̀ọ́kán.

"Àsúmáù, pa á."

Orúkọ mi gan-an ló pè. Mo rò pé ariwo ló pọ̀, mo yí i sílẹ̀ díẹ̀. Ó na ọwọ́, ó ń fọwọ́ wá a kiri títí ó fi rí i, ó pa á fúnra rẹ̀. Mọ́tò wá dákẹ́ bíi ti Sátidé, mo sì ń gbọ́ bí ó ṣe ń fa èémí kọ̀ọ̀kan.

"Rédíò kọ́ ni mo ń dúró dè," ó ní. "Ní Sátidé tí kò fọhùn yẹn, mo ní Ọlọ́run ló bá mi bẹ̀ ọ́. Mo jẹ dodo mi, mo sùn, kò sẹ́ni tó gún mi lábẹ́rẹ́. Mo rò pé o máa jáwọ́ nínú gbígbé mi lọ. Mi ò mọ̀ pé wàá tún un ṣe."

Iná ti ń pọ́n sí yẹ́lò.

"Tí mo bá ní kí o yí orí mọ́tò yìí padà sí Peckham nísinsìnyí, ṣé wàá yí i?"