Linux Nínú Kádì Bàbá Onífọ́tò

Láti ìgbà tí Ẹnjiníà ti sọ fún bàbá ọkọ rẹ̀ pé àwòrán dísìkì ni òun ń ṣe, kò gbádùn mọ́. Bàbá Onífọ́tò ni gbogbo èèyàn ń pe bàbá yìí, nítorí iṣẹ́ fọ́tò ni wọ́n fi tọ́ gbogbo ọmọ wọn. Àwọn káfíńtà ń pààrọ̀ òrùlé ilé wọn, ni Bàbá bá wá dúró lọ́dọ̀ ọmọ, ni Ìyá bá gba ilé àbúrò tiwọn lọ. Láràárọ̀ ni Bàbá ń fa àga wá sẹ́yìn Ẹnjiníà.

"Ìyàwó mi, jẹ́ n rí àwòrán yẹn."

"Bàbá, kì í ṣe èyí tí èèyàn ń wò. Fáìlì ni. Ẹ ṣáà gbà pé odindi dísìkì kan ni mo ká jọ sínú fáìlì kan."

"Ta ló wá yà á?"

"Kò sẹ́ni tó yà á, sà."

"Àwòrán tẹ́nì kankan ò yà." Bàbá mi orí. "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí mà ń gbádùn o."

Bọ́ọ̀dù, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tí yóò máa darí ẹ̀rọ ìfami iléeṣẹ́ Ẹnjiníà ṣì wà lójú omi nínú ọkọ̀. Kàkà kó káwọ́ lẹ́rán máa dúró dè é, ó wá ẹ̀rọ adíbọ́n kan, ìyẹn ètò kan nínú láptọ́ọ̀pù rẹ̀ tó ń ṣe bí ẹni pé òun ni bọ́ọ̀dù náà, kó lè gbé Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, lé e lórí ṣáájú. Ó ti ṣe fáìlì òfìfo tí yóò dúró bíi dísìkì, ó pín in sí yàrá méjì, ó kó ọkàn Linux sí yàrá kékeré, ó kó ẹrù yòókù sí yàrá ńlá. Àmọ́ bó bá ti tan ẹ̀rọ adíbọ́n náà, ọ̀rọ̀ funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lójú kọ̀ǹpútà bí òjò, á wá dá gbáú: òun ò rí dísìkì.

"Kò rí i?" Bàbá yọjú. "Bóyá ibẹ̀ ṣókùnkùn ni. Tí nǹkan ò bá hàn, iná la máa ń fi kún un."

Ẹnjiníà bu ètè jẹ kó má baà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó tún un yẹ̀ wò, ó rí i pé orúkọ tí òun pe dísìkì náà kọ́ ni ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n sí. Ó tún orúkọ náà kọ, ó tún un tàn. Òjò ọ̀rọ̀ rọ̀, kò dá. Linux wá ń béèrè orúkọ ẹni tó fẹ́ wọlé! Ẹnjiníà fò sókè, ó ń jó. Bàbá náà dìde, wọ́n ń jó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń jó sí.

Ó ku kó da àwòrán dísìkì náà sínú kádì ìkófáìlì-sí tí wọ́n máa kì bọ bọ́ọ̀dù. Kádì rẹ̀ ti wà nínú ihò ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù látàárọ̀. Ó sáré lọ mu omi, ó padà dé, ó tẹ àṣẹ, ó fẹ̀yìn ti àga.

"Ó yá, ìyàwó mi," ni Bàbá wí, "jẹ́ n fi àwòrán tèmi náà hàn ọ́. Mo ti ki kádì kámẹ́rà mi bọ̀ ọ́. Tìẹ nìyí." Wọ́n ṣí àtẹ́lẹwọ́.

Ẹnjiníà ké. Ó fa kádì yọ, àmọ́ iṣẹ́ ti parí.

"Bàbá, kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ìyá yín ni."

Ìyá kì í gbà kí wọ́n ya àwọn. Bí kámẹ́rà bá ti yọ, wọ́n á fọwọ́ bojú. Ìyàwó oníyàwó kún ara ògiri ṣọ́ọ̀bù Bàbá, tiwọn ò sí níbẹ̀. Àfi ọjọ́ tí wọ́n ń kúrò nílé, tí ṣòkòtò káfíńtà kan ya fàà lórí àkàbà, tí Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ni Bàbá bá yà wọ́n.

"Ṣé Linux ti jókòó lé Ìyá lórí?" ni Bàbá béèrè.

"Ẹ má bínú, sà. Èmi ni mi ò wò ó kí n tó tẹ̀ ẹ́."

"Rárá, èmi ni mo yọ tìẹ."

Wọ́n ń du ẹ̀bi mọ́ra wọn lọ́wọ́, àfi bí nǹkan kan ṣe sọ sí Ẹnjiníà lọ́kàn. "Bàbá, kádì yín tóbi ju Linux lọ fíìfíì. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ló bà jẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà. Ìgbà wo lẹ ya Ìyá?"

"Àwọn ni mo yà kẹ́yìn."

Kíá, ó da gbogbo kádì náà sínú fáìlì kan.

"Kí nìyẹn?"

"Àwòrán dísìkì ni, sà."

Bàbá fa àga sún mọ́ ọn.

Ó wá rán ètò kan sínú fáìlì náà pé kó máa tú fọ́tò jáde. Wọ́n ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan: páànù, àkàbà, ògiri aládùúgbò, ọkùnrin kan tí kò lórí.

"Èmi kọ́ ni mo gé e o," ni Bàbá wí.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá jáde, ìborí wọn ti yẹ̀ sẹ́yìn, eyín hàn dé erìgì. Bàbá fi etí ẹ̀wù nu ojú kọ̀ǹpútà, kò sì sí eruku níbẹ̀.

Wọ́n pe Ìyá lórí fóònù.

"Ẹ yà mí? Nígbà tí mò ń rẹ́rìn-ín? Ẹ pa á rẹ́ o!"

Bàbá yára gbé fóònù lé Ẹnjiníà lọ́wọ́.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, mo ti ṣe ẹ̀dà ẹ̀ pa mọ́, mà. Ẹ̀rù ló ń bà mí kó má tún lọ sọ nù."

"Ṣé mo dáa níbẹ̀?"

"Ẹ dáa gan-an, mà."

"Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí n wò ó ná."

Kí Ẹnjiníà tó gbé fóònù kalẹ̀, Bàbá ti wọ bàtà, wọ́n ń lọ wá onígíláàsì tó máa bá wọn ṣe férémù rẹ̀ kí Ìyá tó yí ọkàn padà.