Iró Funfun Màámi

Iró funfun yín ló wà lára pátákó ìkọ̀wé yìí, Màámi. Mo fi ìṣó mẹ́rin kàn án, mo fà á títí ó fi le, síbẹ̀ ojú ibi tí ẹ máa ń ká a sí kò parẹ́. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wá ihò tó máa gbà wọlé. Mo ti fi ẹní dí fèrèsé ilé ẹ̀kọ́, mo ti fi aṣọ dí ẹnu ọ̀nà, torí sinimá kì í hàn nínú ìmọ́lẹ̀.

Àjọ̀dún fíìmù lórí ìtọ́jú àyíká là ń ṣe, ìlú ló jókòó pitimu yìí. Fíìmù mẹ́ta ti kọjá. Tiwa ló kù, tèmi tìyín, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré, lórí odò Alákèré tí wọ́n sọ etí rẹ̀ di àkìtàn. Baálẹ̀ wà níwájú. Ó ti ṣèlérí pé bí òun bá ti gbọ́ ohun tí ẹ sọ, òun á sọ lónìí bóyá àkìtàn náà máa kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín nìkan ni mo gbójú lé. Oṣù keje rèé tí ẹ ti lọ, n ò lè tún wá bi yín.

Odò yọ lára aṣọ. Odò dúdú, odò tó ń hó bí ọṣẹ, odò Alákèré tí kò ní àkèré kan mọ́. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́.

Lẹ́yìn náà lẹ yọ. Ẹ dúró lórí òkúta létí odò, gèlè yín wọ́ díẹ̀, ẹ sì kí wa, bí ẹ ṣe máa ń kí èèyàn kí ẹ tó bá a wí: ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé.

Gbogbo ilé sì dá yín lóhùn. Wọ́n ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Àwọn ìyá ìjọ dìde, wọ́n ń kì yín, wọ́n ń kúnlẹ̀ fún aṣọ. Ìyá Ẹniafẹ́ tó ń ta ẹ̀pà bú sẹ́kún. Ẹnì kan ní ojú yín tún dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ ń sọ̀rọ̀, Màámi, mo ń rí ẹnu yín tó ń mì, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo fi ìka lé ètè, mo ń bẹ̀ wọ́n. Wọ́n rò pé ẹkún ló ń gbọ̀n mí, wọ́n ní ó tó, Fadérera, ó tó. Inú ń bí mi, ẹ gbọ́, inú ń bí mi gidigidi. N ò sì mọ bí mo ṣe máa bá wọn wí, torí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé a kì í gbọ́ ìkíni ká dákẹ́.

Odò lọ, ẹ lọ, aṣọ padà di aṣọ. Baálẹ̀ dìde. Ó ní fíìmù náà dára púpọ̀, ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ ìyá wa sí afẹ́fẹ́ rere, ó ní ti àkìtàn yẹn, a ó wò ó ná. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un fi hàn. Ó ní a ti rí ìyá wa, ọkàn wa ti balẹ̀. Ó mu omi inú ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀ tán, ó ju ọ̀rá náà sábẹ́ àga, ó bá tiẹ̀ lọ.

Gbogbo wọn tẹ̀lé e. Àga ṣófo, ọ̀rá omi kún ilẹ̀. Gbogbo wàhálà mi já sí pàbó.

Mo tún un fi han àga. Odò yọ, odò dúdú, odò tó ń hó bí ọṣẹ. Ẹ yọ lórí òkúta, ẹ kí ilé, ẹnu mi sì ti dá yín lóhùn kí n tó mọ̀. Kò sẹ́lòmíì tó dáhùn. Ohùn yín wá ń dún ketekete nínú ilé òfìfo: ẹ ní ẹ ti sọ, sọ, sọ, ó ti sú yín, ẹ ní bí wọ́n bá gbé ìdọ̀tí débẹ̀ tí wọ́n bá yín létí odò, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, wọ́n á sì dà á sílẹ̀.