Ìpè Tó Ṣìnà Wọ Etí

Íapíìsì náà yọ bọ̀rọ́ ní etí òsì Ohùn-Oyin, ó ta lórí gíláàsì káńtà, ó sì yí gbirigbiri lọ sábẹ́ àga. Kó tó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, onísọ́ọ̀bù ti tẹ̀ ba, ó ti gbé e, ó ti ń fi aṣọ nù ún.

"Ẹ má bá a wí, ẹ̀gbọ́n," ni ọkùnrin náà wí tẹ̀ríntẹ̀rín. "Etí yín ni kò gbàlejò."

Ẹnìkejì, ọ̀rẹ́ tó bá a wá, bú sẹ́rìn-ín. Ohùn-Oyin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ bo etí òsì náà bí ẹni tí wọ́n ká aṣọ lára rẹ̀ lójú ọjà.

Orúkọ àbísọ kọ́ ni Ohùn-Oyin. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta fíríìjì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ ló ń bá ṣiṣẹ́, nínú yàrá gbọọrọ kan tí wọ́n ti ń jókòó ní ìlà-ìlà, tí wọ́n ń dáhùn ìpè láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí fíríìjì rẹ̀ kú, tí ẹran ń rà sínú rẹ̀, kì í fi ẹ̀rín pe ènìyàn. Èébú ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ Ohùn-Oyin, kó tó gbé fóònù sílẹ̀, àdúrà ló máa ń ṣe fún un.

Obìnrin tó jókòó tì í láti ọdún méje sẹ́yìn ni gbogbo yàrá ń pè ní Ẹnìkejì, nítorí bí a bá ti rí ọ̀kan nínú wọn, èkejì kò jìnnà. Wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán, wọ́n jọ ń wọkọ̀ relé. Òun náà ló bá a wá sí sọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Sátidé yìí, nítorí òun nìkan ló mọ ohun tí wọ́n wá ṣe gan-an.

Láti oṣù mélòó kan ni etí òsì Ohùn-Oyin ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní ti òsì kò ní padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ti ọ̀tún kò ní àléébù kankan. Hẹ́ẹ̀dífóònù ńlá tí wọ́n ń lò níbi iṣẹ́ kì í jókòó dáadáa, ariwo yàrá a máa gba abẹ́ rẹ̀ wọlé bá ohùn oníbàárà. Dókítà ní kó lọ wá íapíìsì tí kò ní wáyà, èyí tó máa dì mọ́ ihò etí. Ohùn-Oyin kò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ìyá rẹ̀, kò sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀. Ẹnìkejì ló sọ ọ́ fún. Àsìkò tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lè ṣe é ní jàǹbá kò sì ju ìgbà yìí lọ, nítorí alábòójútó yàrá wọn fẹ́ fẹ̀yìn tì, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ pé Ohùn-Oyin ni ipò náà kàn.

Onísọ́ọ̀bù to páálí mẹ́ta sórí káńtà.

"Ẹ wò ó. Èyí tó jábọ́ yìí ló rọjú jù. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń kọrin, iṣẹ́ rẹ̀ tán. Èyí ti àárín ní rọ́bà mẹ́rin tí wọn kò tóbi dọ́gba. Ihò etí tó wù kẹ́ ẹ ní, ọ̀kan á bá a mu. Èyí tó kẹ́yìn yìí..." Ó gbé e sọ́wọ́ bí ẹni gbé ẹyin. "Èyí ń pa ariwo. Bí ẹ bá ti kì í bọ etí báyìí, ayé á dákẹ́ fún yín. Ọ̀bẹ̀ tó dùn, owó ló pa á."

"Mú èyí tó rọjú, jàre," ni Ẹnìkejì wí. "Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀."

"Ẹ parí òwe yín, ẹ̀gbọ́n! A ò mọ èyí tí inú ń run!"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín.

Fóònù Ohùn-Oyin ti kú sínú báàgì láti òwúrọ̀, iná kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ẹnìkejì yọ tirẹ̀, ó nà án sí onísọ́ọ̀bù. "Fi tèmi dán an wò fún un. Kí ni tèmi àti tirẹ̀?"

Ọkùnrin náà fi búlútúùtù so ti àárín mọ́ fóònù. Rọ́bà kìíní tóbi jù, ìkejì náà ń yọ. Nígbà tó kan èyí tó kéré jù, ó wọ etí òsì wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì jókòó. Ohùn-Oyin mi orí, ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbálẹ̀, ó la ẹnu gbàgà bí ẹni ń yán. Kò jábọ́. Orin tí wọ́n fi sí i dún kedere ní ọ̀tún. Ní òsì, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń kọrin lẹ́yìn ògiri. Síbẹ̀, ó ń gbọ́ ọkọ̀ tó ń fọn fèrè níta, ó sì ń gbọ́ ẹ̀rín onísọ́ọ̀bù.

"Ẹ jẹ́ kí n dán ti ìkẹyìn náà wò," ni Ohùn-Oyin wí.

Bí onísọ́ọ̀bù ti so ó mọ́ fóònù Ẹnìkejì, tí Ohùn-Oyin sì kì í bọ etí, ọkọ̀ ìta dákẹ́. Fáànù tó ti ń dún kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀ lókè orí wọn ń yí láìfọhùn. Ẹnu onísọ́ọ̀bù ń ṣí, ó ń pa dé, bíi ti ẹja. Ohùn-Oyin di ojú. Ó ti pẹ́ tí orí rẹ̀ ti fara balẹ̀ tó báyìí. Nígbà tó la ojú, Ẹnìkejì ti gba fóònù rẹ̀ padà, ó ti rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí wọ́n fi àwọn ìbora fóònù kọ́ sí, ó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Aago ìpè dún láàárín orí rẹ̀.

Ó gbé ojú sókè. Ẹnìkejì wo fóònù, ó bojú wẹ̀yìn wo Ohùn-Oyin, ó wá kẹ̀yìn sí i kó tó gbé ìpè náà sétí.

"Hẹ́lò?" Ohùn ọkùnrin ni, ó sì wọlé bí ẹni pé etí ló ti ń sọ ọ́. Ọ̀gá wọn ni. "Ṣé mo lè sọ̀rọ̀? Ṣé kì í ṣe pé òun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ?"

Ohùn-Oyin ti na ọwọ́ láti yọ íapíìsì náà, kó pariwo pé kí Ẹnìkejì wá gba ìpè rẹ̀, ó ti ṣìnà. Ọ̀rọ̀ kan ló dá ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú. Òun. Ta ni òun?

"Ẹ máa wí, sà," ló fi ohùn tínínrín dáhùn.

"Ó dáa. Mo ti ro ohun tí o sọ fún mi nípa etí rẹ̀. O ṣeun tí o tètè sọ ọ́. A ò lè fi ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa ṣe olórí àwọn tó ń gbọ́ràn jẹun. Ipò yẹn, ìwọ ni màá fún. Ọjọ́ Ajé ni màá sọ fún un. Má sì jẹ́ kí àyà rẹ já, mi ò ní jẹ́ kó mọ̀ pé ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́, bí o ṣe bẹ̀ mí."

Ní ẹnu ọ̀nà, Ẹnìkejì ń mi fóònù jìgìjìgì, ó ń gbé e sétí, ó tún ń gbé e kúrò. Ohùn-Oyin ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn tó mọ̀ dáadáa ni, òun ló bá a ra búláòsì tó wọ̀ yẹn. Ọkàn rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì gbóná. Ó kàn tutù, bí ìgbà tí ènìyàn tẹ àtẹ̀gùn tí kò sí níbẹ̀.

"Ṣé o ń gbọ́ mi?" ni ọ̀gá wí.

"Mo ń gbọ́ yín, sà." Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn rẹ̀ gan-an ló fi sọ ọ́, èyí tí àwọn oníbàárà fi oyin pè. "Ohùn-Oyin ni. Fóònù Ẹnìkejì ló so mọ́ mi létí ní sọ́ọ̀bù. Etí ọ̀tún ni mo fi gbọ́ yín, sà, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan tó bọ́ sílẹ̀."

Ọ̀gá wúkọ́.

"Lọ́jọ́ Ajé, sà, kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ohun tí dókítà wí. Ẹ tún lè dán mi wò bó bá ṣe wù yín."

"Ó... ó dáa. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé." Ìpè náà já.

Ẹnìkejì ń padà bọ̀, ó ń bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ohùn-Oyin yọ íapíìsì ọ̀tún, ariwo ayé sì ya wọlé gììrì: fáànù, ọkọ̀, ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"...wọn ò tilẹ̀ gbọ́ mi rárá. Ta lo ń bá sọ̀rọ̀? Bí mo ṣe yíjú, mo rí ẹnu rẹ tó ń mì."

"Ọ̀gá ni."

"Ọ̀gá wo?"

"Èyí tó pè ọ́."

Ẹnìkejì wo fóònù rẹ̀. Ó wo íapíìsì tó ṣẹ́ kù létí òsì Ohùn-Oyin. Ojú rẹ̀ ṣá bí aṣọ tí oòrùn ti pa. Onísọ́ọ̀bù tó ti la ẹnu fún àwàdà mìíràn pa ẹnu náà dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to páálí tó ti tò tẹ́lẹ̀.

"Wọ́n á ṣáà padà mọ̀ náà ni," ni Ẹnìkejì wí níkẹyìn. "Ṣé kí ipò yẹn bọ́ sọ́wọ́ àjèjì ló dáa? Mo ní kàkà bẹ́ẹ̀, kó kúkú dúró sáàárín àwa méjèèjì. Bó bá jẹ́ tèmi, ṣebí tìrẹ náà ni."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Ohùn-Oyin fẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́.

"O bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má jẹ́ kí n mọ̀."

Ẹnìkejì yí ojú padà sí ibi tí àwọn ìbora fóònù wà, bí ẹni pé èsì kan wà tí wọ́n fi kọ́ síbẹ̀.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ohùn-Oyin yọ ti òsì náà, ó gbé méjèèjì padà sínú páálí wọn, ó sì tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó dùn létí, kò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tí kò gbọ́, kí ló tún fẹ́ fi ìdákẹ́jẹ́ ṣe?

"Ẹ bá mi di ti àárín," ló wí. "Kẹ́ ẹ sì fi rọ́bà tó kéré jù sí ti òsì."

"Ẹ mú èyí tó tọ́, ẹ̀gbọ́n," ni onísọ́ọ̀bù dáhùn, kò sì rẹ́rìn-ín. "Bó bá bàjẹ́ kí ọdún tó yí po, ẹ gbé e padà wá fún mi."

Ẹnìkejì tẹ̀ lé e títí dé ibùdókọ̀, ó ń fi orúkọ ara rẹ̀ pè é: Ẹnìkejì mi, Ẹnìkejì mi. Ohùn-Oyin kò bú u. Ó wọ ọkọ̀ tó kọ́kọ́ dé, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá kan tó ń sùn, ó sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn pa dé.

Ilé ni ìbínú náà tó bá a. Ó mú un lápá, ó mú un lẹ́sẹ̀, ó jẹ́ kó máa rìn láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà. Bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani. Ó dáa! Bó bá di ọjọ́ Ajé, òun náà á ṣí aṣọ lójú ọ̀rọ̀. Ohun tí Ẹnìkejì kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, òun náà á gbé e síwájú ọ̀gá, kí ó rí bó ṣe máa ń rí.

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àṣírí náà nínú orí rẹ̀.

Ó mọ̀ pé Ẹnìkejì kì í fi ṣúgà sínú tíì. Ó mọ̀ pé kì í fẹ́ jókòó sí ojú fèrèsé ọkọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Ta ló fẹ́ràn rí? Àìsàn wo ló ń bẹ̀rù? Kí ló dé tí kì í lọ kí bàbá rẹ̀? Ó tú ọdún méje sílẹ̀ bí ẹni tú àpò wá kọ́kọ́rọ́, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún gbọ̀n ọ́n.

Ìjà òun àti àbúrò òun ló rí níbẹ̀. Oyún tó bàjẹ́ lára òun ló rí, ọkọ àfẹ́sọ́nà tó lọ tí kò padà, ẹkún tí òun sun nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibi iṣẹ́, àti ọ̀rọ̀ dókítà. Gbogbo rẹ̀, ti òun nìkan ni. Ẹnìkejì wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tó fi ọwọ́ lérán, tó ń ní, "Hẹn-ẹn? Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Ohùn-Oyin jókòó sí ojú kan. Ọdún méje gbáko, òun nìkan ló ti ń sọ̀rọ̀.